Kẹ̀kẹ́ Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́

Ní ọjọ́ tí Sìkírátù kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ Ọmọ́níyì ní Ìdímù, kì í ṣe ìfẹ́ ni ó gbé wá. Ẹjọ́ ni ó gbé wá. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé orí tábìlì ọkùnrin náà, ó sì ní ariwo rẹ̀ ti sú òun. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo wí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó èrò láti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùrọ̀dá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ kẹ̀kẹ́ eré ìje. Tèmi yìí ń pariwo. Bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, àfi bí ẹni tó ń ti ọmọlańke."

Ọmọ́níyì fi ìka kan yí ẹsẹ̀ náà, ó sì tẹ́tí sí i. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ ni ó ń dún.

"Ta ló sọ fún yín pé ariwo ni?"

"Etí mi ni."

"Ẹ bá mi kí etí yín. Ṣùgbọ́n ariwo kọ́ nìyẹn. Ó ń dáhùn ni."

Sìkírátù wò ó tìfura-tìfura. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ti ń tú irin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí ó sì ń tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́ kan, ìfura náà ń dínkù. Ó fi hàn án pé ní àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé, ni họ́ọ̀bù wà, àti pé òun ni ìdodo rẹ̀. Nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni eyín irin kéékèèké wà, tí sípíríìn tín-ínrín ń tì jáde. Bí a bá tẹ pẹ́dà, eyín wọ̀nyí yóò di irin tí ó yí wọn ká mú, kẹ̀kẹ́ yóò sì sáré. Bí a bá dá ẹsẹ̀ dúró, tí kẹ̀kẹ́ ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, eyín náà yóò máa fò lórí irin, yóò sì máa dún. Ìró náà ni ẹ̀rí pé eyín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àìsàn tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an kò jẹ mọ́ ìró rárá. Ẹni tí ó tún un ṣe kẹ́yìn ni ó fún kóònù rẹ̀, irin tí ó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, jù, tí bíárìn, ọta irin inú rẹ̀, kò fi ráàyè yí. Ọmọ́níyì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó mì í sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bóyá ó ti dẹ̀ jù, ó sì fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kán eyín náà.

"Họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń ru búrẹ́dì lè jìyà kó má sọ," ni ó wí. "Tiyín fúyẹ́. Ohun tó bá fúyẹ́ kì í gba àṣìṣe mọ́ra."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń bá wí ni, àbí èmi?"

Ọmọ́níyì rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Lónìí, yóò ní ó ń wúwo. Lọ́la, yóò ní ó ń mì. Ọmọ́níyì yóò gbé e sókè, yóò yí i, yóò sì ní kò sí ohun kan tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó jókòó kí òun tún un wò dáadáa. Nígbà tí ó yá, "Bùrọ̀dá" di "Ọmọ́níyì", "ẹ̀yin" sì di "ìwọ". Ọmọ́níyì bi í léèrè oríkì rẹ̀. Sìkírátù ní Àbẹ̀ní ni, àti pé bàbá òun nìkan ni ó ń pe òun bẹ́ẹ̀.

"Ó ti di àwa méjì báyìí," ni Ọmọ́níyì wí. "Àbẹ̀ní mi."

Sìkírátù nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó nífẹ̀ẹ́ sùúrù ọwọ́ rẹ̀, àti bí kì í ti í purọ́ fún oníbàárà. Ọmọ́níyì pẹ̀lú nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé, bí òjò bá ṣú ní ọ̀sán, ojú ọ̀nà Ìgàndò ni yóò máa wò, kì í ṣe aṣọ tí ó sá.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dá ọkọ tàbí aya yàn lẹ́yìn òbí. Ìyá Ọmọ́níyì, Màmá Ọláwùmí, jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ tí kì í pẹ́ dé ilé Ọlọ́run. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ Ìmàle ni ọmọ òun fẹ́ fẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ́níyì, ṣé o ti múra láti máa jí jẹ sáàrì?"

"Màmá, èwo ni mi ò ti máa ń jí jẹ tẹ́lẹ̀?"

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Inú yàrá ni ó lọ rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tí ó ṣe, ó gbà. Ó tilẹ̀ ń kọ́ bí a ti í dáhùn sàláámù, kí ó má baà ṣi í pè ní ọjọ́ tí ó bá lọ tọrọ ìyàwó.

Ti Alhaji Ràímì ni ó le. Bàbá Sìkírátù ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pákó ni ó sì ń tà ní Ìgàndò. Ó ní etí tí ó ju ojú lọ. Bí wọ́n bá já pákó wálé, yóò fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìró rẹ̀ nìkan ni yóò sì fi mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀. Kò kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ máa gun kẹ̀kẹ́; ó ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ nípa Ọmọ́níyì, ó pe àwọn méjèèjì jókòó.

Ó ní òun kò ní sọ pé rárá, òun kò sì tí ì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdíje tí wọn yóò fi yan àwọn tí yóò gun kẹ̀kẹ́ fún ìpínlẹ̀ ń bọ̀ nígbà ọyẹ́. Títí ìdíje náà yóò fi parí, kí wọ́n má ṣe fojú kan ara wọn. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì bàjẹ́, Hamdalah, ẹlẹgbẹ́ Sìkírátù tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́, ni kí ó máa gbé e lọ. Bí wọ́n bá pa òfin yìí mọ́, kí ìyá Ọmọ́níyì wá, òun yóò tẹ́ ẹní fún un.

"Ọkọ àti aya tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ yóò jẹ ìyà púpọ̀ lọ́wọ́ ayé," ni Alhaji wí. "Ẹni tí kò bá lè fara da oṣù díẹ̀, kí ni yóò fi fara da ìyẹn?"

Ọmọ́níyì dọ̀bálẹ̀, Sìkírátù kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n sì fẹ́ pa á mọ́. Ṣùgbọ́n fóònù kì í di ọwọ́ ẹni mú. Kò pẹ́ tí Sìkírátù fi ń ti ibi ìgbáradì yà sí Ìdímù, kí ó kàn fojú kan án, kí ó sì máa lọ.

Òpópónà ilé Alhaji ní ẹnu méjì. Ẹni tí ó bá ti ibi ìgbáradì bọ̀, òkè ni yóò gùn wọlé. Yóò máa tẹ pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì yóò sì dún. Ẹni tí ó bá ti Ìdímù bọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò sọ̀, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa dún títí dé ẹnu ọ̀nà. Alhaji Ràímì a sì máa jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun Alásàrì, tòun ti tẹ̀síbáà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò gbé ojú sókè nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Àbẹ̀ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

"Kẹ̀kẹ́ rẹ ni. Mo dárí jì yín lẹ́ẹ̀kan yìí. Bí mo bá tún gbọ́ ọ láti apá ibẹ̀ yẹn, kí ìyá rẹ̀ má ṣe wá."

Sìkírátù gbìyànjú láti máa tẹ pẹ́dà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò inú ọ̀nà náà kò gbà á láyè. Ó gbìyànjú láti gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Aládùúgbò kan bi í bóyá kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn ún báyìí. Nígbẹ̀yìn, ó gbé e lọ bá Ọmọ́níyì.

"Ọmọ́níyì mi, bá mi pa á lẹ́nu mọ́."

Ọmọ́níyì wo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn náà. Ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà ṣe é. Bí a bá fi gíríìsì tí ó ki, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ akérò, bo àwọn eyín náà, wọn yóò máa rọra dìde, wọn yóò máa rọra sùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó tún mọ èyí tí ó kù. Eyín họ́ọ̀bù tí ó fúyẹ́ kéré, sípíríìn rẹ̀ kò sì lágbára láti bá gíríìsì jà. Ní ọjọ́ kan, eyín náà lè lẹ̀ síbi tí ó sùn sí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó gùn ún fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà, pẹ́dà náà yóò já sófo lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Sìkírátù, ó sì rí i pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọbìnrin náà kì yóò wá sí Ìdímù mọ́ títí ìdíje yóò fi parí. Ó gbé agolo gíríìsì.

Ó gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, kò já. Ó sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé kò séwu. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì yí i. Kẹ́kẹ́ pa.

"Àbẹ̀ní, ó ti dákẹ́."

Sìkírátù di mọ́ ọn, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi.

Láti ìgbà náà ni Alhaji kò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kẹ̀kẹ́ a sọ̀ láti apá Ìdímù bí òjìji, yóò yí ẹ̀yìn ilé pákó ká, Sìkírátù yóò sì wọlé láti apá ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ó ti ibi ìgbáradì dé. Bàbá náà tẹ́tí títí, ó sì gbàgbọ́ pé àwọn ọmọ náà ti gbọ́ràn. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó kun yàrá àlejò ní ọ̀dà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní mọ́sálásí ń sọ pé ó fẹ́ fi ọmọ fún Kìrìsìtẹ́nì, Alhaji dìde láàárín jámáà, ó sì ní ọmọ Èkìtì náà mọ òfin ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn fúnra wọn bí lọ.

Sìkírátù gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún Ọmọ́níyì. Ìtìjú mú àwọn méjèèjì. Wọ́n ní àwọn kò ní rí ara wọn mọ́ títí ìdíje yóò fi parí. Wọ́n sì tún rí ara wọn.

Ọyẹ́ dé pẹ̀lú agbára ní ọdún náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ètè gbogbo ènìyàn gbẹ, èéfín sì ń jáde lẹ́nu àwọn olùdíje. Ọmọ́níyì dúró lẹ́yìn okùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí Alhaji kò ti lè rí i. Ó fi ọwọ́ kan irin tí wọ́n so okùn náà mọ́. Irin náà tutù bí omi àmù. Ó rántí pé inú oòrùn ni òun ti dán kẹ̀kẹ́ náà wò. Bí òtútù bá mú gíríìsì, a máa dì bí ọ̀rá ẹran tí ó sùn nínú ìkòkò. Ó fẹ́ sáré lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti dé ọ̀dọ̀ Sìkírátù, yóò ní láti kọjá níwájú Alhaji Ràímì. Ó dúró. Wọ́n sì fun fèrè.

Sìkírátù ṣe dáadáa títí wọ́n fi ń sún mọ́ òpin. Nígbà tí okùn ìparí hàn, ó dìde lórí àga kẹ̀kẹ́, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ pẹ́dà bí olùdíje ti í ṣe. Eyín họ́ọ̀bù náà kò dìde. Pẹ́dà já sófo lábẹ́ rẹ̀, ó ré kọjá lórí irin ìdarí, ó sì fi ìbàdí já lu ọ̀dà títì. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí àyè yà fún un.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní yóò rìn, ṣùgbọ́n kì yóò rìn bí ti tẹ́lẹ̀, kì yóò sì díje mọ́ láé.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alhaji jókòó tì í, Ọmọ́níyì sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Bàbá náà na ọwọ́, ó fi ìka yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ náà yí títí ó fi dúró, kò sì sọ̀rọ̀. Ó tún un yí.

"Kẹ̀kẹ́ yìí máa ń dún," ni ó wí. "Ta ló pa á lẹ́nu mọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí nìdí?"

Ọmọ́níyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kí ẹ má baà gbọ́."

Alhaji kò bú u, kò sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí ó dìde, nítorí ilẹ̀ ilé ìwòsàn kò mọ́.

"Bí kòkòrò bá jẹ pákó, tí mo bá fi ìka kàn án, mo máa ń mọ̀. Ìwọ ni mi ò kàn. Mo dìde láàárín àwọn ènìyàn mi, mo fi ẹnu mi jẹ́rìí rẹ. Kò sí ẹni tó ní kí n jẹ́ ẹ." Ó kó tẹ̀síbáà rẹ̀ sínú àpò. "Sọ fún ìyá rẹ kó má ṣèyọnu mọ́."

Màmá Ọláwùmí gbọ́ iṣẹ́ náà. Ó tún aṣọ ìró tí ó ti yọ sílẹ̀ fún ìtọrọ ká, ó dá a padà sínú àpótí, ó sì ní òun kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òótọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun kò sì mọ ibi tí tòun ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn.

Nígbà tí wọ́n gba Ọmọ́níyì láyè láti wọlé, Sìkírátù kò sunkún. Ó ń wo àjà.

"Ṣé o mọ̀ pé ó lè já?"

Ó lè purọ́. Ó wù ú kí ó purọ́. "Mo mọ̀."

"Èmi ni mo ní kí o pa á lẹ́nu mọ́. Mi ò sẹ́ ẹ, mo sì ti sọ fún bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, o ò ní wá mọ́."

Sìkírátù yí ojú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìbínú ni ó wà níbẹ̀. Ìbínú ìbá sàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni. N kì bá wá. Ǹ bá sì dúró dè ọ́, Ọmọ́níyì. Oṣù díẹ̀ ni."

Ọmọ́níyì jáde, ó sì ń sunkún láìbò ó títí dé ibùdókọ̀.

Lẹ́yìn tí òjò ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀, Sìkírátù tún wá sí ìsọ̀ náà. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń wọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọmọ́níyì dìde kánkán, ó gbé àga fún un.

"Àbẹ̀ní."

"Sìkírátù lorúkọ mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbọ́ "ẹ" náà. Kò sí èébú kankan tí ìbá dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Sìkírátù kò jókòó. Ó ní òun ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá òun, òun sì ti fi kẹ̀kẹ́ náà fún Hamdalah. Òun fẹ́ kí ó fọ họ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ kí Hamdalah tó gùn ún. Ọmọ́níyì béèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ìdí tí kò fi gbé e lọ sí ibòmíràn.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fi síbẹ̀."

Ó tú họ́ọ̀bù náà palẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gíríìsì náà ti dúdú, ó sì ti le. Ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́ kúrò lára eyín kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tẹ sípíríìn kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń jí, ó kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Iṣẹ́ nìkan ni kò tí ì kọ̀ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó yí i.

Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́.

Sìkírátù di ojú, ó gbọ́ ọ títí ó fi dúró.

"Ó ń dáhùn," ni ó wí.

"Ó ń dáhùn."

"Ẹ ṣé. Bí Hamdalah bá wá sọ fún yín pé ó ń pariwo, ẹ sọ òótọ́ fún un."

Ó di irin ìdarí mú, ó sì ń tì í lọ. Ọmọ́níyì dúró sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, gíríìsì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a ń tì a máa dún pẹ̀lú; bí ẹsẹ̀ Sìkírátù kan bá tẹ̀ síwájú, ìró á yá, bí ẹsẹ̀ kejì bá ń wọ́ tẹ̀lé e, ìró á falẹ̀. Báyìí ni Ọmọ́níyì fi gbọ́ bí ó ti ń tiro kúrò lọ́dọ̀ òun, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ariwo ọjà Ìdímù fi bò ó mọ́lẹ̀.